Èrò Ọkọ̀ Ló Ni Ìwé Náà

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ọ̀pọ̀ yín ló san owó ọkọ̀ kí ẹ tó débí, ẹ óò sì tún san òmíràn kí ẹ tó padà sílé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó yẹn ra ohun mìíràn fún yín yàtọ̀ sí ìjókòó inú ọkọ̀.

Bí èrò bá sanwó fún takisí láti Ìkẹ́rẹ́ sí Adó-Èkìtì, láti Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́, tàbí láti Èmùré sí Ọ̀wọ̀, òfin ilẹ̀ wa ti sọ láti 1945 pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tí yóò dáhùn fún un bí ó bá fara pa tàbí bí ó bá kú. Ìwé tọ́ọ̀dì-páátì ni gbogbo wa ń pe ìnṣọ́ránsì ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé nítorí ọlọ́pàá ni àwọn ṣe ń rà á, ọ̀pọ̀ èrò kò sì ronú kàn án rí. Èmi dúró lórí ọ̀rọ̀ kan lónìí: èrò ọkọ̀ ló ni ìwé náà. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣòfin rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ pé òun ló ni ín, kò sí ẹni tí yóò bá a béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ń jókòó sínú takisí ní agbègbè wa. Olùkọ́ ń gbé Adó, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ń lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá oníṣòwò kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú bùútù, ó sì gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní kòkó díẹ̀ ń lọ wo ẹni tí yóò rà á. Èrò mẹ́rin á fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn, méjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọkọ̀ á sì gbéra. Títì tó ti Adó gba Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjù lọ sí Àkúrẹ́, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ ihò rẹ̀, ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ láti yà fún ihò, tí á sì kọrí sí ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn èrò wọ̀nyí. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn bá kán, oúnjẹ ilé rẹ̀ kán pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo ni tọ́ọ̀dì-páátì ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọlọ́kọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹnì kejì. Ẹni kẹta ni ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá nípasẹ̀ àṣìṣe awakọ̀: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn, àti èrò tó sanwó láti jókòó sínú ọkọ̀ náà gan-an. Ilé-iṣẹ́ yìí ti gbà láti san gbèsè tí awakọ̀ bá jẹ àwọn wọ̀nyí. Kò gbà láti tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Kò sì gbà láti wo ẹsẹ̀ awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń sọ pé ìwé náà kò wúlò fún àwọn nìyẹn, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé òfin yìí wá fún wa. Wọ́n ti sọ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan nílẹ̀ tiwọn ní 1930, ìlànà yẹn ni wọ́n sì lò fún Nàìjíríà ní 1945. Ẹ fetí sí apá kan tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Òfin 1945 kò sọ ọ́ di dandan pé kí ìnṣọ́ránsì bo gbogbo ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn gbé lọ́fẹ̀ẹ́, òfin náà yọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó láti wọ ọkọ̀, wọ́n fi í sínú rẹ̀ gbọingbọin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i pé yíyọ tí wọ́n yọ ẹni ọ̀fẹ́ sílẹ̀ kò dára, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 1971 tó bo gbogbo èrò, ì báà sanwó, ì báà má san. Àwa kò tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀, èrò takisí tiwa kò sí lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ tó san ló gbé e wọlé.

Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023 ni Àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sún owó tọ́ọ̀dì-páátì ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san ₦5,000, ọ̀kadà ń san ₦3,000. Wọ́n ní ẹni tó bá san ₦15,000 yẹn, ilé-iṣẹ́ lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún un. Àwọn kan wá gbà pé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ni iye orí èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dúkìá ni iye yẹn wà fún: ọkọ̀ ẹlòmíràn tó bàjẹ́, ògiri tó wó, ìsọ̀ tí ọkọ̀ kọlù. Ní ti èèyàn tó fara pa tàbí tó kú, òfin 1945 kò fi ààlà kankan sí iye tí wọ́n lè san. Ohun tí èèyàn bá fi ẹ̀rí gbe lẹ́sẹ̀ ni yóò gbà: owó ilé ìwòsàn, owó iṣẹ́ tó sọ nù, ìrora, àti abùkù tó bá kù sí i lára.

Bó bá rí báyìí, kí ló dé tí a kì í rí i gbà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé wa, ìwé ọkọ̀ àdáni ló ní. Ọkọ̀ tí ẹnì kan fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, tó tà fún ẹlòmíràn, ló wá ń kó èrò láti gáréèjì. Wọn kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọn kò sì yí ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ ọ́ sínú ìwé àdáni pé àwọn kò ní dáhùn bí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ náà kó èrò gbowó. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí èrò mẹ́fà jáde nínú ọkọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá kan àti ìdílé rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò tọ́ka sí nìyẹn. Ẹ̀tọ́ èrò ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn kí ó tó dìde nílẹ̀.

Èrò lè fi ojú ara rẹ̀ rí àmì èyí kó tó wọkọ̀. Ẹ wo àwọ̀ tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà ọkọ̀. Búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni, pupa ni ti ọkọ̀ èrò, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Ọkọ̀ tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní búlúù, tó sì ń pe èrò ní gáréèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé àdáni ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì tó ń wa takisí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa. Níbẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìnṣọ́ránsì àdáni kó èrò. Bí wọ́n bá mú un, ó lè pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa tó ń ṣe é bó ti yẹ lọ́hùn-ún, tó bá fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé kí àbúrò rẹ̀ fi ṣe takisí ní Ìkẹ́rẹ́, ó yẹ kó béèrè irú ìwé tí àbúrò náà rà sí i.

Ohun kejì ni ayédèrú. Ẹni tó ń ṣe pátíkúlà lẹ́bàá ọ́fíìsì lè gba owó tòótọ́, kó sì fún ọlọ́kọ̀ ní bébà lásán. Bébà náà lè dára, kó ní lógò, kó ní nọ́ńbà, kí orúkọ rẹ̀ má sì sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan. Òfin adójútòfò 2003 sọ pé bí owó kò bá dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti 2013 ni NAICOM sì ti ń mú ìlànà yìí ṣẹ gan-an. Nítorí náà, kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan tó lè sọ bébà ayédèrú di owó lọ́jọ́ jàǹbá. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ibi ìkósọfúnnisí kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí gbogbo ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tòótọ́ wà. Ẹnikẹ́ni lè lọ sí askniid.org, tàbí kó tẹ *565*11# lórí fóònù, kó sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó bóyá ìwé rẹ̀ wà láàyè. Nígbà tí ọlọ́pàá kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún náà ni àwọn yóò máa mú ẹni tí kò bá ní tọ́ọ̀dì-páátì káàkiri Nàìjíríà, àwọn èèyàn bínú, wọ́n ní ọ̀nà àtigbowó tuntun ni. Mo mọ ohun tó bí ìbínú yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí èrò fi sọ́kàn ni pé òun náà lè wo nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀, láì dúró de ọlọ́pàá, láì bá awakọ̀ jà.

Ohun kẹta ló wúwo jù lọ́kàn mi, òun sì ni n ó pẹ́ lé lórí. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá, láàárín wa, láì sí ayédèrú kankan níbẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ takìtì, èrò ṣẹ́ lápá, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, àwọn ẹbí awakọ̀ dé. Bàbá awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, olóyè àdúgbò bá wọn wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, pé iṣẹ́ Èṣù ni, pé ọmọ náà kò ní kọ́bọ̀, pé ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n mú owó díẹ̀ wá fún oògùn. Àwọn ará ilé ẹni tó fara pa náà jẹ́ ọmọlúàbí, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n sì mọ̀ pé lọ́la ó lè kan ọmọ tiwọn. Wọ́n dárí jì í. Gbogbo wọn bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé àwọn kò ní ẹjọ́ mọ́. Awakọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, apá kò tò dáadáa, dókítà ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, owó ti tán, ilẹ̀ kan ti lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ní kí ẹ má dárí ji èèyàn. Ìwà wa ni, mo sì fẹ́ kí ó máa bá a lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdáríjì yẹn àti owó ìnṣọ́ránsì kò bá ara wọn jà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò bẹ̀ yín, kò dọ̀bálẹ̀ fún yín, kò sì yẹ kó jàǹfààní nínú àánú tí ẹ ṣe fún ọmọ aládùúgbò yín. Ó ti gba owó ṣáájú nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àpò awakọ̀ lẹ ń tú. Ẹ lè fi ẹnu dárí ji awakọ̀, ẹ lè gbé e dìde nílẹ̀, ẹ lè ní kí ọlọ́pàá má tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé ẹ ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí yín, tàbí pé ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ìwé yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ yóò gbé jáde sí yín. Ẹ̀yin olóyè tí wọ́n ń pè láti bá wọn ṣe ìpẹ̀tù, ọwọ́ yín ni mo fi ẹ̀bẹ̀ yìí lé jù lọ: kí ẹ tó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ra ìnṣọ́ránsì.

Ẹnì kan lè ní, bí kì í bá ṣe awakọ̀ ló jẹ̀bi ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni, nítorí tọ́ọ̀dì-páátì ń dáhùn fún ẹ̀bi ni. Bí tírélà bá fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ tó sì kọlu takisí, ìnṣọ́ránsì tírélà ló yẹ kó sanwó. Bí takisí bá ń sá eré àsápajúdé, ti takisí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò èrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èrò tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn kò di ọwọ́ ìwakọ̀ mú, kò tẹ bíréèkì. Níbi tí ọkọ̀ méjì bá ti kọlura, ó ṣòro kí àwọn awakọ̀ méjèèjì mọ́. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò pe méjèèjì lẹ́jọ́ pọ̀, ilé ẹjọ́ yóò sì pín ẹ̀bi fún wọn bó ti yẹ. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá sì yí dànù sínú igbó, awakọ̀ ni yóò ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ipò èrò lágbára nínú òfin ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò mi. Kó o tó wọkọ̀, fi fóònù ya nọ́ńbà rẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ará ilé kan. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC. Ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu nítorí owó: òfin ìlera 2014 fi ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lé e. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá nínú ẹbí ni kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kó rí i pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó gba orúkọ ọlọ́kọ̀, kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan, kó sì ya àwòrán ìwé ìnṣọ́ránsì. Lẹ́yìn náà, kó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní agbègbè yìí máa ń gbé ẹni tó ṣẹ́ eegun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, n kò sì wá láti bu iṣẹ́ wọn kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ ya àwòrán eegun náà. Àwòrán yẹn ni ẹ̀rí. Láìsí i, ilé-iṣẹ́ lè ní ẹsẹ̀ náà ti kán tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó to eegun náà sì kọ iye tó gbà sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́, ẹ ní kí lọ́yà yín fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin 1945, kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní 2025, fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ nípa ẹjọ́ náà ṣáájú tàbí láàárín ọjọ́ méje tó bá bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò bá sì gbọ́, wọ́n lè sọ pé ìdájọ́ náà kò kàn wọ́n. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà, kó má jókòó sílé. Àjọ Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì, ẹjọ́ jàǹbá sì wà lára ohun tí òfin rẹ̀ ti 2011 ní kí wọ́n bá aláìní ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó mọ̀ kò pọ̀. Bí èrò náà bá kú, ọ̀rọ̀ kò tíì tán: ọkọ, ìyàwó, ọmọ àti òbí tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ lè béèrè. Kí wọ́n má kàn jẹ́ kí ọdún gorí ọdún, nítorí òfin ní àsìkò tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́, ẹ̀tọ́ kan tún wà tó jẹ́ tiyín. Òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó, ka jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ jàǹbá iṣẹ́. Olùkọ́ tó kúrò ní Adó láàárọ̀, tí takisí sì dà á nù kó tó dé ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìsẹ̀, wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò tilẹ̀ ní láti fi hàn pé awakọ̀ ló jẹ̀bi. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àjọ náà. Kí òṣìṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá san tirẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló yẹ kó bi í pé kí ló dé.

Ó ku ọ̀ràn ọkọ̀ tó sá lọ, tàbí èyí tí kò ní ìnṣọ́ránsì rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yanjú tiwọn láti 1946: àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń san owó fún ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣe léṣe. Gúúsù Áfíríkà ń yọ owó díẹ̀ lórí lítà epo kọ̀ọ̀kan fún ọ̀ràn jàǹbá ojú pópó. Òfin tiwa ti 2003 náà dárúkọ àpò owó kan lábẹ́ NAICOM fún ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pa tàbí tó bá sọ di aláàbọ̀ ara. Ní ti ọkọ̀ tó ní ìnṣọ́ránsì, ẹ wo àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Òfin adójútòfò tí wọ́n ń pè ní CIMA, tí wọ́n ń lò láti 1995, sọ pé láàárín oṣù 12 tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ wá fún ẹni tó fara pa ní iye tó fẹ́ san. Ilé-iṣẹ́ ló ń wá èèyàn lọ. Nílẹ̀ tiwa, èèyàn ló ń wá ilé-iṣẹ́ kiri, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà sì máa ń jókòó sílé.

Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò. Ó pa òfin 1945 àti ti 2003 rẹ́, ó sì kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Tọ́ọ̀dì-páátì ṣì jẹ́ dandan. Owó ìdókòwò tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ìnṣọ́ránsì yìí gbọ́dọ̀ ní ti kúrò ní bílíọ̀nù mẹ́ta náírà, ó di bílíọ̀nù 15. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó lókun tó bẹ́ẹ̀ lè sanwó. Ṣùgbọ́n òfin, bó ti wù kó dára tó, kò lè rìn láti Abùjá wá sí gáréèjì Èmùré fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ìyà ń jẹ wọ́n. Epo wọ́n, táyà wọ́n, ọ̀nà kò dára, ọlọ́kọ̀ sì ń retí owó rẹ̀ ní alẹ́. Èèyàn fẹ́ràn àjọ nítorí pé ohun tó dá ni yóò kó. Owó ìnṣọ́ránsì kò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè dá a fún ogún ọdún kó má kó kọ́bọ̀. Mo gbà pé ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: lọ́jọ́ tí èrò mẹ́fà bá fara pa nínú ọkọ̀ yín, tí ìwé yín kò bá sì dáa, ẹ̀yin fúnra yín ni gbèsè yẹn wà lọ́rùn yín, àti ọlọ́kọ̀ tó gbé ọkọ̀ fún yín. Iye yẹn lè gba ilé. Ẹni tó ní ìwé tòótọ́ ti gbé ẹrù yẹn fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? N kò rò pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni. Ojú títì ni ọlọ́pàá wà, níbi tí ọkọ̀ ti kún, tí èrò ti ń kánjú. Gáréèjì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ló ń to ọkọ̀ sórí ìlà, àwọn ló ń pe ẹni tó kàn, àwọn ló sì ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Ẹni tó lè dá ọkọ̀ dúró nítorí kò san owó ẹgbẹ́, ó lè dá a dúró nítorí ìwé rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ èrò. Fóònù alága gáréèjì tó láti wo NIID láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré bá ṣe èyí pọ̀, tí Ìlawẹ̀, Ìgbàrà-Odò àti Ògòtún tẹ̀ lé wọn, ayédèrú kò ní rí ibi sá sí láàárín wa. Ẹgbẹ́ sì lè lọ bá ilé-iṣẹ́ kan pa pọ̀ fún gbogbo ọkọ̀ wọn, kí wọ́n dúnàádúrà iye, kí awakọ̀ máa dá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọdún tó pé.

Ìbéèrè mi lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè wa kéré. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, nọ́ńbà ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí mọ́ iwájú inú ọkọ̀, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ti lè kà á. Kò gba owó púpọ̀, kò sì nílò òfin láti Abùjá. Ẹ̀yin alága gáréèjì tí ẹ wà níbí, ẹ má dúró de ìjọba: ní àárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Ẹ̀yin èrò, bí wọn kò bá wò ó, ẹ bá wọn wò ó.